Ojú Àlejò Nínú Ìwé Atọ́nà



Ní ọdún 2017, ilé iṣẹ́ GitHub, níbi tí àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà káàkiri àgbáyé ń kó iṣẹ́ wọn sí, ṣe ìwádìí kan. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá èèyàn bíi 5,500 lẹ́nu wò, inú iṣẹ́ tó lé ní 3,800 ni wọ́n sì ti ṣa àwọn èèyàn náà jọ. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 93 ló ní ìwé atọ́nà tí kò pé, tàbí èyí tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀, jẹ́ ìṣòro tí ojú àwọn ti rí. Ẹ wá gbọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń lọ́wọ́ sí iṣẹ́ ọ̀hún, 60 ló ní ó ṣọ̀wọ́n kí àwọn tó fọwọ́ kan ìwé atọ́nà, tàbí pé àwọn kì í fọwọ́ kàn án rárá. Ìṣòro tí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn rí, tí ọ̀pọ̀ wọn kò sì dáwọ́ lé, ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá ṣàjèjì sí. Sọ́fítíwíà ni àwọn àṣẹ tí èèyàn kọ sílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù ń tẹ̀ lé. Kóòdù ni a ń pe àwọn àṣẹ náà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń fi kóòdù tiwọn pa mọ́ bí àṣírí. Ṣùgbọ́n irú kan wà tí àwọn tó kọ ọ́ ṣí i sílẹ̀ gbayawu: ẹnikẹ́ni lè kà á, ó lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, ó lè tún un ṣe, ó sì lè fún ẹlòmíràn. Open source ni àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà ń pè é. Android tó wà lórí fóònù ọ̀pọ̀ nínú yín, orí Linux ló dúró lé, irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ sì ni Linux. Bẹ́ẹ̀ náà ni Firefox, bẹ́ẹ̀ náà ni VLC tí ẹ fi ń wo fíìmù, àti LibreOffice tí àwọn kan fi ń tẹ lẹ́tà. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ni kò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Àkókò ìsinmi wọn ni wọ́n fi ń ṣe é.

Irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ kò ní ṣọ́ọ̀bù tí èèyàn lè wọ̀ kí ó bi olùtajà léèrè. Ìkànnì rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti ìwé atọ́nà tó wà lórí ìkànnì náà nìkan ni ẹni tuntun ń bá pàdé. Bí ó bá kà á tí kò yé e, kò ní pariwo, kò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Yóò ti ojú ìwé náà pa, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Àwọn tó mọ ibi tí ìwé náà kù sí gan-an ni kì í sọ̀rọ̀, àwọn tó lè tún un ṣe kò sì mọ̀ pé ibẹ̀ kù síbì kan.

Mo fẹ́ fi ọ̀kan ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé àwọn tó ni í ti ń sapá tipẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Django ni orúkọ rẹ̀. Wọn kì í pe D tó wà níwájú rẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ ìkànnì ló ń lò ó, kí wọ́n má baà máa fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ lákọ̀tun nígbà gbogbo tí iṣẹ́ bá dé. Ilé ìwé ìròyìn kan tó ń jẹ́ Lawrence Journal-World, nílùú Lawrence ní ìpínlẹ̀ Kansas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni Adrian Holovaty àti Simon Willison ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ní ọdún 2003. Ẹ mọ bí iṣẹ́ ìwé ìròyìn ṣe máa ń rí: ọ̀gá lè sọ láàárọ̀ pé òun fẹ́ kí nǹkan tuntun wà lórí ìkànnì kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìkánjú yẹn ló bí Django. Oṣù keje ọdún 2005 ni wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé, wọ́n sì fi orúkọ Django Reinhardt, ògbóǹtarìgì onígìtá, sọ ọ́. Instagram tí àwọn ọmọ wa kì í fẹ́ gbé sílẹ̀, orí Django ni wọ́n kọ́ ọ lé.

Ohun tó mú kí n fẹ́ràn àwọn èèyàn yìí ni pé wọn kò fi ìwé atọ́nà ṣe ohun àṣegbẹ̀yìn. Inú àpò kan náà tí kóòdù wà ni ìwé náà wà. Ẹni tó bá kọ ohun tuntun kún Django, tí kò kọ àlàyé rẹ̀ sínú ìwé, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì pé, wọn kò ní gbà á wọlé. Bí ẹnìkan bá sì rí i pé gbólóhùn kan nínú ìwé náà ń ṣi èèyàn lọ́nà, ibi kan náà tí wọ́n ti ń fi àṣìṣe inú kóòdù sùn ni yóò fi í sùn sí. Tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pe irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ni, ẹlòmíràn á kọ àtúnṣe, ẹlòmíràn á tún ka àtúnṣe náà kí ó tó wọlé. Ní ọdún 2014, àjọ tó ń bójú tó Django bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó tí àwọn èèyàn dá jọ sanwó fún òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Fellow, kí àwọn tíkẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí má baà máa kó eruku. Mo ka ìyẹn sí ọ̀kan nínú ìpinnu tó dára jù tí irú àjọ bẹ́ẹ̀ lè ṣe. Kò sí ohun tó ń pa ẹnu èèyàn mọ́ tó kí ó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ẹnikẹ́ni má dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n gbígbọ́ ẹ̀sùn kò tó, nítorí ẹ̀sùn máa ń ta ko ara wọn. Ẹnìkan á ní ìwé náà gùn jù. Ẹlòmíràn á ní kò sọ tó. Ẹnìkan fẹ́ àpẹẹrẹ, ẹnìkan ní àpẹẹrẹ ti pọ̀ jù, òun fẹ́ mọ ìdí. Tí ẹ bá sì wo ọ̀rọ̀ wọn dáadáa, ẹ ó rí i pé kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tí kò kọ kóòdù rí ń fẹ́ kí wọ́n di òun lọ́wọ́ mú títí yóò fi débi tó ń lọ. Ẹni tó ti wà nídìí iṣẹ́ láti ọdún mẹ́wàá, tó kàn gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ àṣẹ kan, ń fẹ́ wò ó fìrí kó máa lọ. Bí ẹ bá kó àwọn méjèèjì sójú ìwé kan, inú ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ní dùn, ẹ̀sùn kò sì ní tán.

Ọgbọ́n tí Django ta sí i ni pé wọ́n pín ìwé náà sọ́nà mẹ́rin. Ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ wà, tó ń mú ọmọ tuntun kọ́ áàpù kékeré kan tí wọ́n fi ń dìbò, láti ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ títí dé ìgbẹ̀yìn. Ìwé ìlànà wà fún ẹni tó ní iṣẹ́ kan pàtó lọ́wọ́ tó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àlàyé wà fún ẹni tó fẹ́ mọ ìdí tí nǹkan fi rí bó ṣe rí. Lẹ́yìn náà ni ìwé àyẹ̀wò, níbi tí wọ́n to àwọn àṣẹ sí lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iṣẹ́ wọn. Wọ́n kọ ọ́ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ gan-an pé báyìí ni àwọn ṣe to ìwé náà, kí ẹni tó bá dé lè mọ ilẹ̀kùn tí yóò ṣí. Daniele Procida, ọ̀kan nínú àwọn tó ti ṣiṣẹ́ fún Django, sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà mẹ́rin yìí ní PyCon, ìpàdé àwọn tó ń kọ kóòdù, ní ilẹ̀ Ọsirélíà ní ọdún 2017. Nígbà tó yá, ó sọ ìlànà náà ní Diátaxis, àwọn tó ń ṣe Ubuntu, oríṣi Linux kan, pẹ̀lú sì ti ń fi í tún ìwé wọn tò. Lójú tèmi, àǹfààní rẹ̀ tó ga jù ni pé ó ń jẹ́ kí onílé mọ ibi tí ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan yẹ kó lọ. Ẹni tó ní ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kò sọ gbogbo àṣẹ, ẹ kò ní tìtorí rẹ̀ da ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rú. Ẹ ó fi líǹkì kan síbẹ̀ tí yóò mú un dé ibi tí àṣẹ wà.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kì í fi ríran. Ní ti ọ̀rọ̀ ilé àti ọ̀rọ̀ ìlú, n kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ní ti ìwé atọ́nà, ojú àlejò ló ríran jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

Mo jókòó ti ọmọbìnrin kan ní Ìbàdàn nígbà tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù. Ìwé atọ́nà sọ́fítíwíà kan ló wà níwájú rẹ̀, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ìwé náà ní kí ó tẹ ìlà kan sínú ojú dúdú tí wọ́n ti ń fún kọ̀ǹpútà láṣẹ. Níwájú ìlà náà, wọ́n fi àmì dọ́là sí i. Ọmọ náà tẹ̀ ẹ́ bó ṣe rí i gẹ́lẹ́: ó tẹ àmì dọ́là, ó fi àyè sílẹ̀, ó tẹ ìyókù. Kọ̀ǹpútà ní òun kò mọ àṣẹ kankan tó ń jẹ́ dọ́là. Ó pa á rẹ́, ó tún un tẹ̀, ó fara balẹ̀ wò ó lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ìdáhùn kan náà ni. Ó yíjú sí mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, ṣé kọ̀ǹpútà mi ló bàjẹ́ ni, àbí èmi ni iṣẹ́ yìí ò yẹ?”

Kò sí ohun tó ṣe kọ̀ǹpútà rẹ̀, kò sì sí ohun tó ṣe òun náà. Lórí àwọn ẹ̀rọ kan, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń fi àmì dọ́là hàn láti sọ pé òun ti ṣe tán láti gba àṣẹ. Àwọn tó ń kọ ìwé atọ́nà ti bá a lò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ ọ́ mọ́ àṣẹ, láti fi hàn pé ibẹ̀ ni kí a tẹ̀ ẹ́ sí. Ojú wọn kò rí i mọ́. Gbólóhùn kan péré ni ì bá gba ọmọ yẹn: ẹ má ṣe tẹ àmì tó wà níwájú. Nígbà tí mo ní kí ó kọ̀wé sí àwọn tó ni ìwé náà, ó ní, “Háà, wọ́n á ní mi ò gbọ́n ni.”

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ìtìjú ló ń gbé ìròyìn tó ṣe pàtàkì jù mì. Ẹni tó ti mọ iṣẹ́ kò ní tijú láti sọ ohun tó rí, ṣùgbọ́n ohun tó rí kò ní jẹ́ ohun tí ọmọ tuntun rí. Ojú àlejò yìí kì í sì í pẹ́ lọ́wọ́ èèyàn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà fi oṣù méjì lo sọ́fítíwíà yẹn, òun náà yóò ti di onílé, yóò máa fo àmì dọ́là láìmọ̀ pé òun ń fo nǹkan kan. Bó bá kọ́ ẹlòmíràn lẹ́yìn ìgbà náà, kò ní rántí sọ ọ́ fún un.

Ẹni tó bá ṣí ìwé Django lónìí yóò rí i pé níbi tí àṣẹ wà, ojú méjì ló wà tí èèyàn lè tẹ̀: ọ̀kan fún Linux àti Mac, ìkejì fún Windows, torí pé àṣẹ wọn kì í fi gbogbo ìgbà bára mu. Nínú apá kìíní ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ní ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ní kí o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun, wọ́n fi àkíyèsí kan síbẹ̀ fún ẹni tí àṣẹ náà bá kọ̀ fún, pẹ̀lú líǹkì tó ń lọ sí ibi tí ojútùú wà. Lókè ẹ̀kọ́ náà, wọ́n sọ ẹ̀dà Django tí wọ́n kọ ọ́ fún, wọ́n sì fi igun ojú ìwé tí èèyàn ti lè yan ẹ̀dà tó wà lórí ẹ̀rọ tirẹ̀ hàn án. Èyí ṣe pàtàkì gan-an. Àìmọye ọmọ ló ń ka ìwé ẹ̀dà tuntun nígbà tí ẹ̀dà àtijọ́ wà lórí ẹ̀rọ wọn, tí wọ́n á máa rò pé àwọn ni kò mọ̀wé.

Ní ọdún 2019, tíkẹ́ẹ̀tì kan jáde tó mú wọn ka gbogbo ìwé náà láti òkè délẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ kéékèèké. Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń sọ pé nǹkan rọrùn ni: kàn ṣe báyìí, ó rọrùn láti ṣe tọ̀hún. Wọ́n yọ wọ́n kúrò, wọ́n sì kọ ọ́ sínú òfin ìwé kíkọ wọn pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá irú rẹ̀ padà. Ìdí tí wọ́n fún un ni pé ohun tó rọrùn lójú ẹni tó kọ̀wé lè ṣòro fún ẹni tó ń kà á, inú irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò sì bàjẹ́ nígbà tó bá rí i pé ohun tí wọ́n pè ní kékeré ti borí òun. Mo mọ àwọn tí yóò ní ọ̀rọ̀ yìí kò tó ohun tí èèyàn ń tú ìwé palẹ̀ fún. Ẹ wo ọmọbìnrin Ìbàdàn yẹn. Ká ní wọ́n kọ ọ́ sókè ìlà náà pé ó rọrùn, kí ló kù tí yóò rò nípa ara rẹ̀?

Wàyí o, báwo ni èèyàn ṣe ń fi ìwé atọ́nà sùn kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè wúlò? Lẹ́tà tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tó ní, “Ìwé yín kò dára, kò yé èèyàn.” Ẹni tó kọ ọ́ kò purọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ẹni tó gbà á lè fi ṣe. Ojú ìwé wo? Ìlà wo? Ẹ wá gbọ́ irú èyí tí ọmọ yẹn ì bá kọ: “Mo wà ní ojú ìwé àkọ́kọ́ ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ yín, ní ìlà tó ní kí á fi sọ́fítíwíà yín sórí ẹ̀rọ. Windows ni mò ń lò. Mo tẹ ìlà náà bí ẹ ṣe kọ ọ́, pẹ̀lú àmì dọ́là. Mo rò pé yóò bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun kò mọ àṣẹ náà. Mi ò mọ̀ pé àmì yẹn kì í ṣe ara rẹ̀.” Kò bú ẹnikẹ́ni. Kò fi òye hàn ju bó ṣe ní lọ. Ó sọ ibi tó wà, ohun tó ṣe, ohun tó ń retí, àti ohun tó rí. Ẹni tó bá ka lẹ́tà yẹn ní ìlú Berlin tàbí ní Lawrence, yóò mọ ohun tí yóò ṣe kó tó dìde lórí àga.

Ẹ kíyè sí i pé lẹ́tà náà kò pàṣẹ fún wọn pé báyìí ni kí ẹ ṣe tún un ṣe. Aláìsàn ló mọ ibi tó ń dun òun, òun kọ́ ló ń kọ oògùn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tó ń lo sọ́fítíwíà á ní kí wọ́n fi fídíò sí i, tàbí kí wọ́n yí àwọ̀ ìkànnì padà, nígbà tó jẹ́ pé gbólóhùn kan tó sọnù ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹni tó ń gba ẹ̀sùn náà ní láti fara balẹ̀ béèrè pé: kí lo ń gbìyànjú láti ṣe nígbà tí nǹkan náà dí ọ lọ́wọ́? Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ló níye lórí.

Ẹ̀yin tó ni iṣẹ́, mo mọ̀ pé ẹ̀ ń gbọ́ mi, torí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ sọ́fítíwíà ti pọ̀ láàárín wa. Ẹ wo ọ̀nà tí ẹ là sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀. Bó bá ní láti kọ́ ohun tuntun mẹ́ta kó tó lè sọ fún yín pé lẹ́tà kan ṣubú, kò ní sọ ọ́. Ẹ lọ wo ìkànnì MDN, tí Mozilla, àwọn tó ń ṣe Firefox, dá sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń kọ́ ìkànnì. Nísàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, wọ́n bi òǹkàwé bóyá ojú ìwé náà ràn án lọ́wọ́, wọ́n sì fi líǹkì kan síbẹ̀ fún ẹni tó bá rí àṣìṣe. Ẹni tó bá tẹ líǹkì náà, ìbéèrè ti wà nílẹ̀ dè é: kí ni kò tọ̀nà, tàbí kí ni kò pé? Kí lo retí láti rí? Títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, ẹnikẹ́ni ló lè wọlé síbẹ̀ kí ó yí ọ̀rọ̀ padà lójú ẹsẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe ní Wikipedia. Ìgbà náà ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ sí GitHub, kí ẹlòmíràn lè máa ka àtúnṣe kó tó jáde. Wọ́n jèrè ìdánilójú níbẹ̀, ilẹ̀kùn sì ti wúwo díẹ̀ fún ẹni tí kò mọ GitHub. Nínú kí a yára àti kí a dájú, èmi yóò mú kí a dájú nínú ìwé tí ọmọ tuntun ń kà, níwọ̀n ìgbà tí líǹkì ìsàlẹ̀ yẹn bá ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀nà kan tún wà tí kò gba owó púpọ̀. Jakob Nielsen, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kẹ́kọ̀ọ́ nípa bí èèyàn ṣe ń lo ìkànnì, kọ ọ́ ní ọdún 2000 pé èèyàn márùn-ún péré ti tó láti fi ojú ìṣòro bíi 85 hàn nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ pe èèyàn márùn-ún tí kò mọ iṣẹ́ yín rí. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwé yín àti iṣẹ́ kan, ẹ ní kí wọ́n máa sọ ohun tó ń lọ lọ́kàn wọn bí wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ wá jókòó sẹ́yìn wọn kí ẹ pa ẹnu yín mọ́. Ìpanumọ́ yẹn ló ṣòro jù. Ọwọ́ á máa yún yín láti nàka, ahọ́n á máa yún yín láti sọ pé rárá, wo apá ọ̀tún. Bí ẹ bá sọ ọ́ pẹ́nrẹ́n, ẹ ti ba iṣẹ́ jẹ́, torí ẹni tí yóò ka ìwé náà lóru ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Kòtònú kò ní rí yín lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà mìíràn, àtúnṣe kò tó, ìwé mìíràn ni àlejò nílò. Ní ọdún 2014, Ola Sitarska àti Ola Sendecka pe àwọn obìnrin tí kò kọ kóòdù rí jọ ní Berlin lórílẹ̀-èdè Jámánì, wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi Django kọ́ ìkànnì. Django Girls ni wọ́n pe ètò náà. Wọn kò lo ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ Django, nítorí pé ìwé yẹn gbà pé òǹkàwé ti mọ Python, èdè tí wọ́n fi kọ kóòdù Django, díẹ̀. Wọ́n kọ tiwọn, tó bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ àti ohun tí ojú dúdú yẹn wà fún. Ìwé wọn wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ṣí sílẹ̀ fún àtúnṣe, kí olùkọ́ tó bá rí ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti kọsẹ̀ lè kọ ọ́ padà sínú rẹ̀. Irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn ti wáyé ní Nàìjíríà náà.

Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, Samson Goddy àti Ada Nduka Oyom dá ẹgbẹ́ Open Source Community Africa sílẹ̀ ní ọdún 2018. Ní oṣù kejì ọdún 2020, wọ́n ṣe àjọ̀dún wọn àkọ́kọ́ ní Èkó. Ohun tí mo máa ń sọ fún ọ̀dọ́ tó bá bi mí léèrè ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ open source ni pé kí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé atọ́nà. Kì í ṣe torí pé ó kéré sí kóòdù o. Torí pé ibẹ̀ ni ohun tó ní, tí ọ̀gá kò ní, ti wúlò jù lọ. Àwọn nǹkan kan sì wà tó jẹ́ pé àwa tó wà níbí la tètè ń rí wọn. Ojú ìwé tó ń ṣí wéré ní Berlin lè jẹ dátà ọmọ wa tán kó tó ṣí. Nígbà tí iná bá lọ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì tẹ̀ lé e, ìwé tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan kò ṣe é kà. Django gbé ìwé tiwọn kalẹ̀ lọ́nà tí èèyàn lè fi gbà á sórí ẹ̀rọ, ní PDF tàbí ní ePub, kí ó máa kà á láìsí dátà. Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà ni kò ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ wa máa sọ ọ́ fún wọn.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ èdè. Ìwádìí ọdún 2017 tí mo mẹ́nu bà rí i pé nǹkan bí ìdá mẹ́rin àwọn tó wà nínú iṣẹ́ yìí ni kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dé ibi tí wọ́n á fi lè kà á tàbí kọ ọ́ dáadáa gan-an. Ìyẹn àwọn tó ti wọlé o. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì dá dúró lẹ́nu ọ̀nà kò sí lára àwọn tí wọ́n bi léèrè. Ìwé Django wà ní èdè Faransé, ó wà ní Spéènì, ní Japan, ní Kòríà, ní Gíríìkì, ní Potogí ti ilẹ̀ Bùràsíìlì. Títí di ìgbà tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, Yorùbá kò sí lára àwọn èdè tí wọ́n tò síbẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnìkan kọ̀ ọ́. Àwọn tó ń sọ èdè kọ̀ọ̀kan ló ń kóra jọ, wọ́n á forúkọ ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, wọ́n á sì máa túmọ̀ ìwé náà ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Apá kìíní ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kò gùn. Olùkọ́ Yorùbá kan, ọ̀dọ́ méjì tó mọ Django, àti akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò mọ nǹkan kan nínú rẹ̀ tí yóò máa kà á bí wọ́n bá ti ń kọ ọ́, lè jókòó tì í. Bí irú wọn bá wà láàárín ẹ̀yin tó ń gbọ́ wa, ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ rédíò yìí, kí n lè so yín pọ̀ mọ́ra.